Awọ Orí Àga Awakọ̀: Ìtàn Ilé-Iṣẹ́ Connolly àti Iṣẹ́ Ọnà Inú Ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ní ọdún 1878 ni àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì, Samuel Frederick Connolly àti John Joseph Connolly, ṣí ṣọ́ọ̀bù kan sí àdúgbò Euston ní ìlú London, níbi tí wọ́n ti ń tún bàtà ṣe lójú ẹsẹ̀ fún oníbàárà tó bá lè jókòó dúró dè é, tí wọ́n sì ń rán ìjánu àti okùn awọ tí a fi ń so ẹṣin mọ́ kẹ̀kẹ́. Láti inú ṣọ́ọ̀bù yìí ni ilé-iṣẹ́ Connolly Brothers ti hù jáde, èyí tí orúkọ rẹ̀ wá gbilẹ̀ débi pé bí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì bá ti dárúkọ awọ inú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, Connolly ni ó kọ́kọ́ ń sọ sí wọn lọ́kàn. Púpọ̀ nínú àwọn tó jókòó sínú Rolls-Royce, Bentley, Jaguar tàbí Aston Martin ní ọ̀rúndún ogún, awọ tí ó ti ọwọ́ àwọn Connolly kọjá ni wọ́n jókòó lé. Bẹ́ẹ̀ ni awọ yìí, tí ayé wá ń wò gẹ́gẹ́ bí àmì ọlá inú ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orí àga ìránṣẹ́ ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó ṣe ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni kókó ìtàn ilé-iṣẹ́ náà.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú orúkọ tí ilé-iṣẹ́ náà ń jẹ́ lójú òfin tí a kò gbọdọ̀ fò dá, ìyẹn ọ̀rọ̀ náà currier. Iṣẹ́ awọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́ pín sí méjì, òfin sì ya àwọn tó ń ṣe ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó ń ṣe èkejì. Aláwọ ni ẹni tí ń gba awọ tútù lọ́wọ́ alápatà, tí ń rẹ ẹ́ sínú omi ẹfun kí irun lè bọ́ kúrò lára rẹ̀, tí ó sì ń tẹ́ ẹ sínú kòtò omi èèpo igi óákù fún ọ̀pọ̀ oṣù títí awọ náà kò fi ní lè jẹrà mọ́. Currier ní tirẹ̀ ni ẹni tí ń gba awọ náà lẹ́yìn tí ó ti jáde nínú kòtò tí ó sì ti gbẹ bí pákó, tí ń fi ọ̀bẹ, epo àti agbára apá sọ ọ́ di ohun tí ó rọ̀, tí ó ń dán, tí a sì lè rán. Iṣẹ́ ẹnìkejì yìí ni àwọn Connolly yàn láàyò, òun náà ni ó sì gbé wọn dé ibi gíga.

Kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó dé, kẹ̀kẹ́ ẹṣin ni àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gùn, àwọn tí ń kàn án sì ti di ẹgbẹ́ alágbára láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí ọdún 1677 ni Ọba Charles Kejì ti fún ẹgbẹ́ àwọn akànkẹ̀kẹ́ ìlú London ní ìwé àṣẹ. Nínú irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀, ohun tí olúkúlùkù jókòó lé ni ó ń sọ ẹni tí ó jẹ́. Ìta gbangba, nínú òjò àti òtútù, ni ẹni tí ń da ẹṣin ń jókòó sí, awọ ni wọ́n sì fi ń bo àga rẹ̀, nítorí pé awọ kì í tètè fa omi, àkísà lásán sì tó láti fi nù ún gbẹ. Ọ̀gá àti ìyàwó rẹ̀ wà nínú ilé kẹ̀kẹ́ tí ó ní ilẹ̀kùn àti fèrèsé, aṣọ irun àgùntàn tó nípọn, sílíìkì tàbí dàmáásìkì ni wọ́n sì fi ń tẹ́ ibẹ̀, torí awọ máa ń tutù lábẹ́ ẹni nígbà òtútù, ó sì máa ń yọ̀. Awọ tí ó tilẹ̀ ń ráàyè wọ inú ilé kẹ̀kẹ́ ni awọ ewúrẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn ará Yúróòpù ń pè ní awọ Mòrókò. Apá kan nínú awọ yìí kì í ṣe ọmọ Mòrókò rárá: Kano àti àwọn ìlú tó yí i ká ni wọ́n ti ń ṣe é, tí ràkúnmí sì ń gbé e la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá lọ sí àríwá. Ó yẹ kí èyí di mímọ̀, nítorí orúkọ tí ọjà náà ń jẹ́ ti gba ògo iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́-awọ ilẹ̀ Hausa fún ẹlòmíràn fún ìgbà pípẹ́.

Bí òwò ti ń gbòòrò, ilé-iṣẹ́ Connolly gbé iṣẹ́ lọ sí Wimbledon, ní gúúsù London, létí odò Wandle. Iṣẹ́ awọ kò ṣeé ṣe láìsí omi púpọ̀, odò kékeré yìí sì ti ń yí ọlọ, ó sì ti ń fọ aṣọ fún àwọn aláró láti ọjọ́ pípẹ́, tí William Morris, gbajúmọ̀ oníṣẹ́-ọnà nì, pàápàá fi gbé ibi iṣẹ́ aṣọ rẹ̀ sí etí rẹ̀ ní Merton Abbey ní ọdún 1881.

Iṣẹ́ currier fúnra rẹ̀ yẹ fún àlàyé kíkún, nítorí pé ẹni tó bá rí àga tó ti parí kò lè mọ ohun tí awọ náà là kọjá. Ojú awọ màlúù kan fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 50 bí a bá ṣírò ìbú àti òòró rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó wúlò. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọ̀bẹ lé e, wọ́n á tẹ́ ẹ sí ojú ìmọ́lẹ̀, wọ́n á sì máa fi ẹfun sàmì sí gbogbo àpá tí wọ́n bá rí: ibi tí wáyà ẹlẹ́gùn-ún ọgbà ti ya màlúù náà, ibi tí eégbọn ti jẹ ẹ́, ibi tí olówó rẹ̀ ti fi irin gbígbóná sàmì sí i lára. Èyí tí ó burú jù nínú wọn ni ihò tí ìdin eṣinṣin kan ń lu. Eṣinṣin náà a yé ẹyin sí ẹsẹ̀ màlúù, ìdin a wọ ara ẹran náà lọ, a máa rìn títí yóò fi dé abẹ́ awọ ẹ̀yìn, a sì lu ihò síbẹ̀ kí ó lè máa mí. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn gan-an ni awọ ti dára jù. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń wá awọ fún ọkọ̀ olówó ńlá fi kọjú sí àwọn orílẹ̀-èdè Scandinavia, níbi tí òtútù kì í jẹ́ kí kòkòrò pọ̀ tí wáyà ẹlẹ́gùn-ún kò sì wọ́pọ̀ yí ọgbà ẹran ká, wọ́n sì máa ń yan awọ akọ ṣáájú ti abo, torí pé oyún máa ń fi ìlà sílẹ̀ lára awọ ikùn abo màlúù.

Lẹ́yìn àyẹ̀wò ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ tí abẹ rẹ̀ ń yí po bí bẹ́líìtì la awọ náà sí pẹlẹbẹ méjì. Pẹlẹbẹ òkè, tí irun ti hù lára rẹ̀, ni wọ́n ń pè ní ojú awọ, òun ni wọ́n sì ń lò, nígbà tí pẹlẹbẹ abẹ́ rẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tí iṣẹ́ wọn kò gba nǹkan tó lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ojú awọ tí a fẹ́ fi bo àga kì í nípọn ju mílímítà kan àti díẹ̀ lọ. Oníṣẹ́ á tẹ́ ẹ sórí tábìlì ní tútù, á sì fi irinṣẹ́ onírin tàbí ti òkúta dídán, tí wọ́n fi èèkù igi sí, máa tì í láti àárín lọ sí etí, kí omi lè jáde kí gbogbo wíwúnjọ sì nà. Lẹ́yìn náà ni yóò fi epo pa á, tí epo náà yóò máa rọ́pò omi nínú awọ bí ó ti ń gbẹ. Ohun tó kù ni láti mú ìlà ojú awọ jáde, èyí sì ni apá kan iṣẹ́ náà tí ó wuni wò jù lọ. Pákó tí wọ́n lẹ kọ́ọ̀kì mọ́ nísàlẹ̀ ni oníṣẹ́ ń dè mọ́ apá láti ìgúnpá dé àtẹ́lẹwọ́. Yóò ká awọ náà kí ojú rẹ̀ lè kọjú síra wọn, yóò sì máa fi pákó apá rẹ̀ yí ibi tó ká náà síwájú, sẹ́yìn, láti etí kan dé èkejì. Ibi tí awọ bá ti ká gba kọjá ni ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ti ń jáde, bí ìlà àtẹ́lẹwọ́ ènìyàn, bí ó bá sì tún yí i gba ọ̀nà mìíràn, ìlà á kọjá lórí ìlà, ojú awọ á sì rí wóróbo-wóróbo. Irin gbígbóná ẹ̀rọ lè tẹ àwòrán irú ìlà bẹ́ẹ̀ mọ́ awọ lára ní ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n ìlà àtẹ̀mọ́ jọra wọn níbi gbogbo, nígbà tí ìlà àfọwọ́yí ń tẹ̀lé bí ara màlúù náà ti rí.

Ọ̀dà ni wọ́n fi ń parí iṣẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀dà sẹ́lúlóòsì ni wọ́n ń lò, èyí tí wọ́n ń fi léra ní ipele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lórí ojú awọ títí àwọ̀ tí oníbàárà fẹ́ yóò fi jáde. Ọ̀dà yìí máa ń le bí ọdún ti ń gorí ọdún, nígbà tó bá sì yá, a là wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹni tó bá rí irú àga bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ àtijọ́ máa ń rò pé awọ ni ó ti kú, kí ó sì ní kí wọ́n bó o dànù. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni awọ tó wà lábẹ́ ọ̀dà ṣì yè koro, tí ó jẹ́ pé ìpara àti ọ̀dà tuntun ni ó ń bẹ̀bẹ̀ fún. Bíbó irú awọ bẹ́ẹ̀ dànù jẹ́ àdánù tí kò ní àtúnṣe, torí kò sí ẹni tí yóò tún rí irú rẹ̀ rà.

Nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn akànkẹ̀kẹ́ ẹṣin kò jókòó kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ilé-iṣẹ́ bíi Rolls-Royce kì í ta odindi ọkọ̀ nígbà náà. Ẹ́ńjìnnì, táyà àti irin ìsàlẹ̀ nìkan ni wọ́n ń tà, oníbàárà ni yóò sì gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn akànkẹ̀kẹ́ bíi Hooper tàbí Barker, kí wọ́n lè fi igi àti irin pẹlẹbẹ kan ilé lé e lórí, kí wọ́n sì rán inú rẹ̀. Nítorí náà ni ètò orí kẹ̀kẹ́ ẹṣin ṣe bá wọn wọ inú ọkọ̀. Nínú ọkọ̀ ńlá tí òrùlé rẹ̀ kò dé iwájú, awọ ni àga awakọ̀, nítorí pé òjò ṣì ń pa á níbẹ̀. Ẹ̀yìn, níbi tí ọ̀gá wà, aṣọ irun àgùntàn ni. A lè fi Rolls-Royce Phantom kan ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí ilé-iṣẹ́ Clark ní Wolverhampton kan ilé rẹ̀ ní ọdún 1926 fún oníṣòwò kan tó fẹ́ fi ta ìyàwó rẹ̀ lọ́rẹ: aṣọ alárabarà tí wọ́n fọwọ́ hun ní Aubusson ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n fi bo àga ẹ̀yìn, tí inú ọkọ̀ náà fi jọ yàrá ààfin. Awakọ̀ rẹ̀ wà níwájú, lórí awọ.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà ni pé ọ̀gá fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀. Ní àwọn ọdún 1920, àwọn ọ̀dọ́ ọlọ́rọ̀ fẹ́ràn ọkọ̀ eléré tí kò ní òrùlé líle, wọ́n sì fẹ́ di ọwọ́ ìwakọ̀ mú fúnra wọn. Ọkọ̀ Bentley tí wọ́n ń ṣe ní Cricklewood ni ó lókìkí jù nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ilé-iṣẹ́ Vanden Plas tó wà ní Kingsbury nítòsí ni ó sì kan ilé fún èyí tó ju 600 lọ nínú wọn. Ìlú Brussels ni orúkọ Vanden Plas ti wá, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1870, kí ẹ̀ka ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1913. Nínú ọkọ̀ tí òjò lè pa nígbàkígbà, aṣọ irun àgùntàn kò wúlò, awọ nìkan ni ó lè dúró. Awọ kò kúrò níwájú rárá. Ọ̀gá ni ó wá bá a níbẹ̀, láàárín ìran kan péré, ohun tí a fi ń dá ìránṣẹ́ mọ̀ sì di ohun tí a fi ń dá olówó mọ̀. Àǹfààní yìí ni Connolly rí mú: àwọn akànkẹ̀kẹ́ àti àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n ń ta awọ fún, wọ́n sì mú kí orúkọ awọ náà máa hàn pẹ̀lú orúkọ ọkọ̀. Nígbà tí Jaguar ń polówó ọkọ̀ eléré rẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ó dárúkọ Vaumol, ìyẹn orúkọ tí Connolly fún awọ àga rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ohun tó yẹ kí olùrà mọ̀.

Àwọn tí ń rán àga náà ní ipa tiwọn. Férémù igi ni ìpìlẹ̀. Wọ́n á na ọ̀já líle kọjá síra wọn lórí rẹ̀, wọ́n á to sípíríǹgì lé e, wọ́n á sì fi okùn so orí sípíríǹgì kọ̀ọ̀kan mọ́ ìkejì rẹ̀ kí wọ́n má bàa yẹ̀ gẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ẹni tó bá jókòó. Aṣọ àpò ni yóò bo sípíríǹgì, irun ẹṣin ni yóò sì tẹ̀lé e, irun tí wọ́n ti kọ́kọ́ lọ́ bí okùn, tí wọ́n sè, tí wọ́n sá gbẹ, kí wọ́n tó tú u, kí ó lè máa ká kò bí sípíríǹgì kéékèèké. Òwú ni ó wà lórí irun, awọ ni ó sì wà lórí òwú. Àwọn ìlà gbọọrọ tó ń hàn lórí àga ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán; ihò tóóró tóóró ni wọ́n rán sẹ́yìn awọ, tí wọ́n sì fi igi ti òwú bọ inú ihò kọ̀ọ̀kan, kí awọ má bàa ya tàbí kí ó dọ̀gbẹ̀rẹ̀ níbi tí ara ti ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yìn màlúù, tó dára jù, ni wọ́n ń gé fún ibi tí a ń jókòó lé. Awọ ikùn, tó máa ń fà, ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ tí ojú kì í tó. Ní ọdún 1929, àwọn ọ̀mọ̀wé ilé-iṣẹ́ Dunlop rí ọ̀nà láti lu oje igi rọ́bà bí ẹyin títí yóò fi hó tí yóò sì le, wọ́n pè é ní Dunlopillo, òun ni ó sì gba ipò sípíríǹgì àti irun ẹṣin díẹ̀díẹ̀. Ó rọ àwọn oníṣẹ́ lọ́rùn, ṣùgbọ́n bí ó bá gbó, a di ìyẹ̀fun, nígbà tí irun ẹṣin ọkọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ ṣì wà láàyè tí a lè tún tú kí a sì tún lò.

Ọ̀tá tó sún mọ́ awọ jù ni ayédèrú rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni wọ́n ti ń ṣe Rexine, aṣọ òwú tí wọ́n fi ọ̀dà sẹ́lúlóòsì pa lójú kí ó lè jọ awọ, lẹ́yìn ogun ni ike sì gbapò rẹ̀. Ọkọ̀ mẹ̀kúnnù tí wọ́n ń bo àga rẹ̀ ní awọ tẹ́lẹ̀ bọ́ sórí ike, àwọn tó ṣì ń fi awọ ṣe é sì fi mọ sí ojú ibi tí a ń jókòó lé, tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn àga jẹ́ ike tí wọ́n pa ní àwọ̀ kan náà. Èdè Yorùbá ìgboro gan-an jẹ́rìí sí bí ayédèrú ti gba orúkọ lọ́wọ́ ojúlówó, nítorí lẹ́dà tí a yá láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì, tó yẹ kí ó jẹ́ awọ, ọ̀rá tí a fi ń di ọjà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè bẹ́ẹ̀ lónìí.

Àwọn Connolly kò fọwọ́ lẹ́rán. Ní ọdún 1963, Fred Connolly, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà, ní kí Vanden Plas, tó ti di ti Austin láti 1946, fi awọ àti igi walnut tún inú ọkọ̀ kékeré kan, Morris 1100, ṣe fún òun bí wọ́n ti ń ṣe fún ọkọ̀ ńlá. Ọkọ̀ yìí wu àwọn tó rí i débi pé Vanden Plas bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀ fún títà, pẹ̀lú tábìlì kékeré tó ń ká pọ̀ sẹ́yìn àga iwájú. Ṣùgbọ́n àwọn akànkẹ̀kẹ́ tó jẹ́ oníbàárà Connolly láti ìbẹ̀rẹ̀ ń tán lọ. Hooper ti ra Barker ní 1938, òun náà sì dá iṣẹ́ ìkanlé dúró ní 1959. Nígbà tí Rolls-Royce gbé Silver Shadow jáde ní 1965, tí ilé àti irin ìsàlẹ̀ ọkọ̀ di ọ̀kan, kò sí ohun tí akànlé yóò kàn mọ́. Ilé-iṣẹ́ Vanden Plas ní Kingsbury sì tìlẹ̀kùn ní 1979. Connolly wá oníbàárà kún oníbàárà. Awọ rẹ̀ bo ìjókòó aláwọ̀ ewé ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní London, ó dé ọ̀dọ̀ Ferrari ní ilẹ̀ Ítálì, ó sì wọ inú bàálù Concorde nígbà tí wọ́n tún inú rẹ̀ ṣe ní 2001.

Ilé-iṣẹ́ náà ti kúrò ní Wimbledon lọ sí Ashford ní Kent nígbà náà. Ford ti ra Jaguar, Volkswagen ti ra Bentley, BMW sì ti gba orúkọ Rolls-Royce. Àwọn olówó tuntun yìí ń ra awọ ní iye tó pọ̀, lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó lè kó o fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ọkọ̀. Ní ọdún 2002, iṣẹ́ awọ dá dúró ní Connolly lẹ́yìn ọdún 124, orúkọ náà sì ṣẹ́kù fún ilé ìtajà kan ní London tó ń ta aṣọ àti àpò.

Ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fi ọkọ̀ Bentley tuntun kan ta Ọbabìnrin Elizabeth Kejì lọ́rẹ fún àádọ́ta ọdún tó lò lórí ìtẹ́. Aṣọ irun ọmọ àgùntàn, tí ilé-iṣẹ́ Hield hun, ni wọ́n fi bo àga ẹ̀yìn rẹ̀ tí ọbabìnrin máa ń jókòó lé nígbà ayé rẹ̀. Gbogbo ìjókòó tó kù nínú ọkọ̀ náà, títí kan àga awakọ̀, awọ Connolly ni wọ́n fi bò.